Síídì Ogójì Tó Wà Lọ́wọ́ Arínú

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà ni ilé-ẹ̀kọ́ san fún Arínú, ó sì gbà á tán pátápátá kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: síídì ogójì, wákàtí kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún wákàtí kan. Iṣẹ́ náà kò ju kó jókòó, kó gbọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kan, tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, ṣe bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ láti oṣù kìíní dé ìkẹjọ, kó wá kọ máàkì sínú fọ́ọ̀mù, láti orí oókan dé àrún, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti ń mọ́ ọn lára.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Arínú. Ó ní bí òun bá wo ojú èèyàn lẹ́ẹ̀kan, òun ti rí inú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi tiwọn kún un lẹ́yìn rẹ̀: Arínú, ọkọ fọ́ọ̀mù, a-wojú-ẹni-mọ-iye-àpò-ẹni! Ìwé-ẹ̀rí mẹ́rìnlá ló gbé kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ìkẹrìnlá, ìwé gàráǹtì fíríìjì ni.

Àwọn síídì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, nínú àpò ìwé tí wọ́n fi tépù pupa lẹ̀ pa. Ẹyọ tépù kan kò já. Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti kún o! Ó kọ ọ́ tán kí omi tíì rẹ̀ tó hó: oṣù kìíní, máàkì méjì, oṣù kẹrin, méjì, oṣù kẹjọ, méjì. Ó wá fi gègé pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Kò tíì mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀.”

Obìnrin tó ni máàkì yìí ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun. Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo wọn ń pè é. Bí méjì yẹn bá dúró, yóò tún odindi ọdún kan ṣe, ọsibítù tó fi àyè iṣẹ́ pamọ́ dè é yóò sì gba ẹlòmíràn. Ó lọ bá Arínú.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, síídì wo lẹ ti gbọ́ àṣìṣe yẹn? Kí n lè mọ ohun tí màá tún ṣe.”

“Gbogbo ẹ̀!”

“Ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ kan ṣá, sà.”

“Àpẹẹrẹ kẹ̀? Mo wojú ẹ báyìí, mo ti rí i!”

Nọ́ọ̀sì kí i, ó jáde, ó gba ọ̀dọ̀ Màmá Alága lọ, ìyá àgbà tó ń darí ìgbìmọ̀ ìdánwò. Màmá ní kí wọ́n dán Nọ́ọ̀sì wò lójú gbogbo ènìyàn: kí ẹnì kan ṣe bí aláìsàn, kí àwọn tó kù máa wò láti ẹ̀yìn dígí.

Kíá, Arínú ti nawọ́. “Èmi ni màá ṣe aláìsàn náà. Ẹ jẹ́ kó pàdé ọkùnrin gidi!”

Oníṣòwò aṣọ tí kò rí oorun sùn ni wọ́n ní kó ṣe. Ó wọlé, ó fi ẹkún èké jókòó. Àga méjì, aago kan, páálí tíṣù kan. Ogún èèyàn wà lẹ́yìn dígí.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá. Kí ló gbé yín wá?”

“Mi ò rí oorun sùn.”

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Arínú lè fara da ebi, ó lè fara da òùngbẹ, ṣùgbọ́n kí èèyàn jókòó síwájú rẹ̀ kí òun má ròyìn ara òun fún un, ìyẹn ju agbára rẹ̀ lọ.

“Ọ̀gá ńlá ni mí níbi iṣẹ́ mi! Bí mo bá mú gègé báyìí, wọ́n á máa gbọ̀n.”

Oníṣòwò aṣọ wo ló ń fi gègé dẹ́rù bani? Lẹ́yìn dígí, ẹnì kan gbé ẹ̀rín mì.

“Bàbá, mo rí i pé bí ẹ ṣe dárúkọ iṣẹ́ báyìí, ọwọ́ yín lọ sápò.”

Arínú wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. “Kọ́kọ́rọ́ ni.”

“Ó jọ pé ó wúwo.”

“Ó wúwo o, ọmọ mi!” Omijé gidi ti dé. “Ogójì ni wọ́n nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ẹyọ kan! Ta ló lè jókòó gbọ́ ìṣòro oníṣòro fún ogójì wákàtí, ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré?”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ sì ti ń dá a gbé kiri.”

“Èmi nìkan! Owó náà gan-an, mo ti fi ra fíríìjì!”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn dígí. Ìgbà yẹn ni Arínú tó rántí ibi tó wà. “Eré ni! Eré ni mò ń ṣe!”

Nọ́ọ̀sì na tíṣù sí i. “Ẹ rọra, sà. Àkókò wa ti pé.”

Màmá Alága wọlé tòun ti fọ́ọ̀mù tuntun. “Arínú, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ ọ́. Ìfetísílẹ̀, mélòó?”

“Márùn-ún, mà.”

“Ẹ fọwọ́ sí i. Owó wa ńkọ́?”

“Fíríìjì ti gbé e mì, mà.”

“Kò burú. Etí lẹ máa fi san án.”

Nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù báyìí. Arínú ń bẹ nínú yàrá kan náà, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí rẹ̀ méjèèjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò ó láti ẹ̀yìn dígí, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Wákàtí àkọ́kọ́, ó sùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ máàkì rẹ̀ síbẹ̀: oókan. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Kò tíì mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti já tépù.”

Gbèsè ṣì kù. Wákàtí mọ́kàndínlógójì ni.