Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Mi Pe Àwọn Ewúrẹ́ fún Ìdúpẹ́ Ìkórè

Ọjọ́ ìkórè kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin tí n kò lè gbàgbé, bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé ẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí, alálàá ojúmọmọ sì ni mí. Mo ti lérí fún ìjọ pé ètò tí mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ni yóò máa pe ìdílé kọ̀ọ̀kan jáde fún ìdúpẹ́ lọ́dún náà, kì í ṣe ìwé Bàbá Akọ̀wé mọ́. Bó bá bàjẹ́, ojú èmi ni yóò tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu ṣì bo òkè, afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé lójú fèrèsé, ọkàn mi sì ti lọ síbi tí ìjọ ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Fódà méjì ni ètò náà ní, ọ̀kan wà nínú èkejì; mo dán fáìlì tí ń pe orúkọ, tó wà nínú fódà inú, wò lóun nìkan. Ó kọ̀. Ó ní òun ò mọ ibi tí dọ́ọ̀tì, ìyẹn àmì ìdánudúró, tó ṣáájú "oruko" nínú ohun tí mo kọ ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀, dọ́ọ̀tì yẹn ló ń sọ fún un pé kó mú fáìlì orúkọ tí wọ́n jọ wà nínú fódà kan náà. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo pa dọ́ọ̀tì rẹ́! Orúkọ àwọn ìdílé jáde wẹ́rẹ́, éditọ̀ tí mo fi ń kọ̀wé kò fa ìlà pupa àṣìṣe kankan. Mo padà sínú àlá mi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, fódà ìta ni mo ti tan ètò náà. Orúkọ àkọ́kọ́ yọ lára ògiri, alága ìkórè sì kà á sókè.

"Ìdílé Olójúkòkòrò, ẹ máa bọ̀!"

Ta ni yóò dìde?

"Ìdílé Ajíjalè!"

Mo yára yẹ kọ̀ǹpútà wò. Fáìlì "oruko" mìíràn wà ní fódà ìta, èyí tí mo fi ń dánra wò. Orúkọ àwọn ewúrẹ́ ìyá mi ló kún inú ẹ̀. Nígbà tí dọ́ọ̀tì ti kúrò, ìta ni Python kọ́kọ́ wò. Bàbá Akọ̀wé tẹjú mọ́ àjà, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú.

Kí n tó rí ibi sá sí, ìyá mi ti ń jó bọ̀ níwájú.

"Ẹran ulé mi ni wọ́n! Olójúkòkòrò bí mẹ́ta lọ́dún yìí, kò séyìí tó kú. Kí ló dé tí mi ò níí dúpẹ́?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jó tẹ̀ lé e. Ìtìjú mú mi, ìfẹ́ ìyá mi sì fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí éditọ̀ gbé mi lọ síbi tí ètò náà ti mú orúkọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ewúrẹ́ ló gbé mi lọ tààrà. Ó ti mọ̀ látàárọ̀, èmi ni n kò bi í. Láti ìgbà náà, n kì í pa ohun tí kò yé mi rẹ́ kí n tó béèrè.

Títí dòní, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan á bi mí pé Ajíjalè ńkọ́. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní ara ẹ̀ le.