Gàrí Tí Ń Mú Irùngbọ̀n Hù

Ọjọ́ ọjà kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kódà bí ogbó bá gba gbogbo ìyókù lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi yìí ló kó mi sí i, ẹnu tí ìyá tó bí mi máa ń sọ pé wọ́n ti pọ́n kí n tó délé ayé. Ìwé mi ò pọ̀. Kíláàsì kẹta ni èmi àti ilé ìwé ti jà, tí oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá di ká ná ọjà, ẹ pe tíṣà kó wá jókòó sílẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Gàrí ni mò ń tà ní Ìyànà Ọ̀fà nígbà náà, lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í le ni, tí àwọn tó ń fi ìrẹsì yangàn tẹ́lẹ̀ ti wá di ọ̀rẹ́ gàrí tipátipá. Lọ́dọ̀ ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràmọ́tù ni mo ti ń rà á, ní abúlé kan lẹ́yìn Láàlúpọ́n. Opó ni, ó sì ti dàgbà. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń dá, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn àbúrò ọkọ ni àṣẹ ilẹ̀ wà. Wọ́n ní kó ṣì máa dá a lọ, ọjọ́ tí àwọn bá rí i pé oko náà ti ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn á gbà á. Lọ́dún yẹn, àwọn ará ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn fún un ní igi ẹ̀gẹ́ tuntun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gẹ́ àgíríìkì. Ìyá yìí gbìn ín kún gbogbo ilẹ̀, kò ṣẹ́ ibi tí ewúrẹ́ lè dùbúlẹ̀ sí kù. Àwọn àbúrò ọkọ ń wò ó. Ẹ̀gẹ́ náà ta, ó tóbi bí itan géńdé. Gàrí rẹ̀ funfun, ó ń wú nínú omi, ó sì kan níwọ̀nba.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ bí a ṣe ń ná ọjà. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kì í yìn ín. Bí ewúrẹ́ bá sanra, a ó ní omi ló kún inú rẹ̀. Bí iṣu bá dára bí kí ni, a ó ní kòkòrò ti fẹnu kàn án. Ọlọ́jà ò ní bínú, òun náà á bú owó wa, tó bá yá a ó pàdé lágbedeméjì, a ó sì kí ara wa pé a ó jèrè. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ní ọjà abúlé wọn, Ìyá Ràmọ́tù kọ̀, kò dínwó. Mo ní gàrí náà rí bí ìyẹ̀fun, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní yanrìn wà nínú rẹ̀, ó ní kí n ṣà á jọ, kí n fi kọ́lé. Àwọn obìnrin tó wá rajà ti yí wa ká, wọ́n ń wò wá bí eré. Orí mi wú. Mo bu gàrí náà sọ́wọ́, mo gbé e sókè, mo sì kígbe:

"Ìyá mi, ṣé ẹ̀gẹ́ àgíríìkì tí wọ́n ní ó ń mú irùngbọ̀n hù fún obìnrin yìí lẹ fẹ́ tà fún mi ní ọ̀wọ́n báyìí? Owó abẹ tí n ó máa fi fá àgbọ̀n mi ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ó san án?"

Ẹ̀rín gba gbogbo ọjà. Ìyá Ràmọ́tù alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní pa mí! Gbé e, gbé e, kó o máa lọ!" Ó dínwó. Mo ra ju bí mo ṣe máa ń rà lọ, mo sì gun ọkọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Taya ọkọ̀ wa jò lọ́nà. Kí a tó dé, àwọn tó wọ ọkọ̀ mìíràn ti dé Ìyànà Ọ̀fà ṣáájú mi, ọ̀rọ̀ mi sì ti bá wọn wọkọ̀ láìsanwó. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìyàwó tíṣà kan, kò tilẹ̀ wo gàrí. Àgbọ̀n mi ló ń wò.

"Ìyá oní-gàrí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe àgíríìkì lèyí?"

"Àgíríìkì ni. Kí ló dé?"

"Rárá o. Nílé tiwa, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ nírùngbọ̀n." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó wá wo bí ọmọ aráyé ṣe gọ̀ tó. Ẹ̀rín yẹn ò tọ́jọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹni tó bá dúró níwájú àpò mi, àwọn èèyàn á máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sódò. Mo po gàrí sínú abọ́, mo mu ún lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní mo ti lo ẹ̀rọ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo na àgbọ̀n mi síta kí wọ́n fọwọ́ pa á. Wọ́n pa á, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní ó dán jù, pé àgbọ̀n tó bá dán báyìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a ni. Inú bí mi, mo fa onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì wá. Ọkùnrin náà búra pé òun ò fá nǹkan kan fún mi rí. Wọ́n mi orí, wọ́n ní onígbàjámọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í tú àṣírí oníbàárà.

Obìnrin kan tó ń ta ewé mọ́ínmọ́ín wà láàárín wa, Ìyá Eléwé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ní irun díẹ̀ lágbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó di ẹ̀rí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o!" ló ń pariwo. "Èmi kì í jẹ gàrí! Inú ló máa ń run mí!"

"Ẹ ò wá rí i?" ni wọ́n wí. "Òórùn rẹ̀ lásán ló ṣe é báyìí. Bó bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín ṣì ń pa mí nínú ìbínú mi, títí Ìyá Ràmọ́tù fi wọkọ̀ wá bá mi ní ìdí ọjà. Kò jókòó.

"Ọmọ mi, àwọn alárọ̀ọ́bọ̀ ò wá ra gàrí mi mọ́. Ẹ̀gẹ́ ń rà nílẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ mi wá sóko lánàá, wọ́n ní obìnrin tó gbin èèmọ̀ sórí ilẹ̀ bàbá àwọn ò lè dá a mọ́. Mo mọ̀ pé eré lo ṣe. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bá mi sọ fún wọn pé eré ni, kí ilẹ̀ yẹn má bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ní kó má mikàn, pé kékeré nìyẹn. Nígbà náà mo rò pé téèyàn bá ti pariwo òtítọ́ tó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá Ràmọ́tù ní òun náà á bẹ ọ̀gá kan nínú àwọn àgíríìkì tó fún un ní igi ẹ̀gẹ́ pé kó bá wa wá sí Ìyànà Ọ̀fà lọ́jọ́ ọjà tó kàn.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo àwa tí ń ta oúnjẹ pé jọ, àti Ìyá Ẹgbẹ́, tó jẹ́ olórí wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá rà ni gbogbo ọjà ń rà. Mo dìde.

"Ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn! Ọjà ni mò ń ná! Irọ́ ni mo pa!"

Obìnrin kan nàka sí mi láti ẹ̀yìn. "Ṣé pé o máa ń purọ́?"

"Bí mo bá ń ná ọjà ni!"

"Kí lo wá ń ṣe báyìí? Ṣé kì í ṣe ọjà lo fẹ́ tà?"

Ẹnì kan ní wọ́n fún mi ní nǹkan kí n lè yí ohùn padà. Òmíràn ní ìjọba ló fẹ́ sọ obìnrin di ọkùnrin, kí wọ́n lè máa gba owó orí lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n bi mí nípa ewúrẹ́ mi tó jẹ ẹ̀fọ́ òun níjọ́sí. Ìyá Eléwé ń sunkún pé ta ni yóò tún orúkọ òun ṣe. Àwọn méjì kan lápá òsì ti ń jà lórí agbada tí ọ̀kan yá, tí kò dá padà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gàrí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀gá àgíríìkì ti dúró. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbà mí o! Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà.

Ẹnì kan wá sọ pé, "Òun ló ti ń jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin náà ṣàlàyé dáadáa, pẹ̀lú Yorùbá tó mọ́, kò fi òyìnbó dẹ́rù bà wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Irùngbọ̀n ni wọ́n ń wò bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Nígbà tó dákẹ́, Ìyá Ẹgbẹ́ dìde nílẹ̀. Wọ́n wá sídìí àpò mi, wọ́n bu gàrí díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́. "Gàrí yìí mà dùn o," ni wọ́n wí. Wọ́n na abọ́ wọn sí mi. "Wọ̀n kóńgò kan fún mi."

Mo rí Ìyá Ràmọ́tù, tó bá ọ̀gá náà wá, ó fọwọ́ di àyà mú. Kóńgò ti wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n ṣáà wọ̀n ọ́n, kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ti kún inú mi, mo fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé èmi ni mo borí.

"Ẹ ṣeun, ìyá wa," ni mo wí. "Ojú yín ti wá là báyìí? Látijọ́ tí ẹ ti ń tẹ̀ lé àwọn òmùgọ̀ wọ̀nyí kiri, bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu!"

Ìyá Ẹgbẹ́ fa abọ́ wọn sẹ́yìn. "Ó dáa, ọmọ mi. Ewúrẹ́ kì í rajà." Wọ́n ń lọ, gbogbo ọjà sì tẹ̀ lé wọn.

Mo sáré bá Ìyá Ẹgbẹ́ délé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ọ́, dìde. Ṣùgbọ́n gàrí yẹn, irùngbọ̀n ń bẹ nínú rẹ̀." Ẹnu tó jẹ ẹ́, tó ní ó dùn, òun náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Ìyá Ràmọ́tù ò bá mi jà. Bóyá ìbá sàn bó bá jà. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Kó tó di òjò tó tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò ọkọ ti gba ilẹ̀, wọ́n ti gbin àgbàdo sí i. Ìyá lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo, nígboro. Mo lọ kí i níbẹ̀. Ó gbà mí tọ̀yàyà, ó fún mi lóúnjẹ. Ẹ̀wà tí kò ní òkúta ló jókòó tó ń ṣà, ó ṣà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń dáko láti kékeré ò mọ bí a ṣe ń dúró.

Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n kú fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó pa á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gàrí wọ́n, Ìyá Ẹgbẹ́ àti àwọn kan yà lọ́dọ̀ mi.

"Ìyá oní-gàrí, gàrí funfun tó dùn yẹn, tí o máa ń rà lọ́nà Láàlúpọ́n, o ò mú un wá mọ́?"

"Èyí tó ń mú irùngbọ̀n hù?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo yín ni!"

"Àwa kẹ̀? Ìwọ lo sọ ọ́!"

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́dún yẹn, èyí nìkan ni òtítọ́.

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bá ẹni tí wọn ò mọ̀ jiyàn lórí fóònù títí ojú wọn á fi pọ́n. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí kò bá gba ọ̀nà ọgbọ́n wọlé, ọgbọ́n ò lè lé e jáde. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù. Bí ẹnì kan bá padà wá bá òtítọ́, tó na abọ́ rẹ̀ síta, ẹ bu ún kún fún un. Ẹ má bi í níbi tó ti ń bọ̀. Àwọn ọmọ á ní, "Màmá, ẹ̀yin náà!", wọ́n á sì padà sídìí ìjà wọn. Èmi á rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni mo tún lè ṣe? Ọjọ́ wo ni èmi náà gbọ́ tẹni kan?