Bí Oyèníran Àlàó Ṣe Fi Bíró Ṣẹ́gun Ẹ̀pà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ gbé àyà sókè; ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá nǹkan fẹ̀yìn tì. Orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe orúkọ tí a ń fi ẹnu òfìfo dá, ìdí nìyí tí mo fi da gúgúrú díẹ̀ sẹ́nu kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Oyèníran Àlàó ni mo ń kì, ọmọ Oyèkànmí tó jókòó ti iyán ọkùnrin mẹ́ta lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ ẹ́ tán, tó fọwọ́, tó nuwọ́, tó wá rọra béèrè pé ṣé wọn ò tíì gbé oúnjẹ dé ni. Ọmọ ọmọ Ògúntóyè abìkùn-bí-àká, tí àwọn ará oko máa ń rí lókèèrè tí wọ́n á sáré lọ bo ìkòkò. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí àga máa ń kígbe kó tó jókòó. Akọ̀wé-má-fo-ọ̀rọ̀, Afi-bíró-mú-òpùrọ́, ẹni tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n jókòó níwájú adájọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, tó ń kọ ohun gbogbo tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Ẹlẹ́rìí sunkún, ó kọ ọ́. Ẹlẹ́rìí sín, ó kọ ọ́. Ọkùnrin kan búra níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pé òun ò na ìyàwó òun rí, ó wá ń fi ọwọ́ júwe bí òun ò ṣe nà án. Oyèníran kọ iye ìgbà tí ọwọ́ náà lọ sókè, ẹjọ́ ọkùnrin yẹn sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Èmi tí mò ń kì í yìí, télọ̀ rẹ̀ ni mo jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìkìrun. Láàárín ọdún mẹ́jọ, mo ti tú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Nígbà kẹrin, aṣọ tán lára ṣòkòtò náà, mo wá fi àlẹ̀mọ́ dúdú sí i lẹ́yìn, mo sì sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń rán an nígboro báyìí nìyẹn. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ogun tó bá akọni wa jà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ pàdé rẹ̀. Àwọn oníṣègùn kan wá sí ilé ìlera àdúgbò wa láti ṣe ìwádìí nípa àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà: ohun tí wọ́n ń jẹ, bí ara wọn ṣe wúwo tó, àti bí ìlera wọn ṣe ń lọ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ṣe é yóò máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú aago tó jẹ ẹ́, yóò sì máa wá gun ìwọ̀n. Bí àwọn àgbà yòókù ṣe gbọ́ pé ìwé kíkọ wà níbẹ̀, kálukú rántí pé òun fi nǹkan sórí iná. Ṣùgbọ́n ojú Oyèníran Àlàó mọ́lẹ̀ kedere. Ìwé, bíró, aago! Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó tún ní kó kọ nǹkan kan mọ́. Ó ra ìwé ẹlẹ́yìn líle, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó sì dé fìlà kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló kọ bí ẹni pé wọ́n máa pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé e lórí. Mo rí ìwé náà, ó gbé e wá fún mi kí n wá yìn ín. 'Aago mẹ́jọ àárọ̀: mi ò tíì jẹun. Aago méjìlá ọ̀sán: mi ò tíì jẹun. Aago mẹ́rin: ẹ̀bà, òkèlè méjìlá, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹja kan. Aago méje ìrọ̀lẹ́: iyán, òkèlè mẹ́wàá. Òkèlè kan bọ́ sílẹ̀, mi ò jẹ ẹ́.' Kò sí ibi tó ti pa á rẹ́, kò sí ibi tó ti fi nǹkan kún un. Mo yìn ín, ó sì mú lára gúgúrú mi bó ṣe ń lọ.

Àṣé wàhálà ń dúró dè é lórí ìwọ̀n. Dókítà Fadérera tó jẹ́ olórí ìwádìí náà, ọmọbìnrin kékeré onígíláàsì tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ní kó gorí rẹ̀, ìwọ̀n náà sì sọ pé bàbá ti fi kílò méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ gorí ìwọ̀n láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n náà ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wò, ṣúgà ibẹ̀ wà lókè téńté. Ọmọbìnrin náà wo ìwé, ó wo bàbá, ó tún wo ìwé.

Ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ pé èyí tẹ́ ẹ kọ yìí nìkan lẹ̀ ń jẹ, a jẹ́ pé oògùn yín ò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí ṣúgà yín bá ṣì wà báyìí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ la máa bẹ̀rẹ̀."

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mí. Oyèníran tí kò bẹ̀rù agbẹjọ́rò, tó ti kọ ọ̀rọ̀ apànìyàn sílẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, abẹ́rẹ́ nìkan ló lè lé e wọ abẹ́ ibùsùn láyé yìí. Bó bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìta ló ti máa ń kígbe pé kí n gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ ná. Ẹ̀rù bà á débi pé nígbà tí Dókítà béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ṣé Màmá kì í da epo púpọ̀ sọ́bẹ̀, akọni wa sọ pé ó ṣeé ṣe. Ó délé, ó sì ní kí ìyàwó òun tún ojú wo ọbẹ̀ tó ń sè.

Ìbídùn ni ìyàwó yẹn ń jẹ́, ìyá Títí, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti bá ìtọ̀ ṣúgà lára ọkọ rẹ̀ ló ti ń wọn epo pẹ̀lú ṣíbí tíì, tó ti gbàgbé ẹran díndín, tí òun náà tí ara rẹ̀ le ń bá a jẹ ọbẹ̀ tó ṣàn bí omi. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Kò bá a jà, kò sì sunkún níwájú rẹ̀. Ó kàn sọ pé lọ́jọ́ kejì, òun ò ní lọ sí ọjà, òun fẹ́ jókòó ti ọkọ òun látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ó gbé àpótí kékeré sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé bàsíà ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣa ẹ̀fọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Aago méje, alákàrà kọjá: akọni ra mẹ́fà, ó ní kí òtútù má bàa wọ òun lára. Aago mẹ́sàn-án, ìlàjì búrẹ́dì wọlé pẹ̀lú tíì, kó lè rí nǹkan fi gbé oògùn mì. Aago mẹ́wàá, àgbàdo sísun méjì, èmi fúnra mi ni mo fún un ní ọ̀kan. Ọ̀sán gangan, ó rẹ gààrí kí ojú lè wálẹ̀. Ó fi bọ̀ọ̀lì kan tẹ̀ lé e, ó fi ọsàn mẹ́rin tẹ̀ lé bọ̀ọ̀lì. Láàárín gbogbo èyí, ẹ̀pà ò dáwọ́ dúró. Ẹ̀pà ń ti inú àpò ṣòkòtò jáde bí òjò tó ń ṣe wẹ́wẹ́, mo sì mọ bí àpò náà ṣe jìn tó, nítorí òun ló ní kí n rán an dé orúnkún. Gbogbo ohun tó bá jù nù ni ìyàwó rẹ̀ ń dìde lọ ṣà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Oyèníran Àlàó nà gbalaja sórí àga, ó fọwọ́ ra ikùn, ó ní, "Ìyá Títí, ebi ń pa mí o. Mi ò tíì jẹun látàárọ̀." Ó sì ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó rẹwà jù ní gbogbo Ìkìrun kọ ọ́ pé òun ò tíì jẹun.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn ò parọ́. Ta ni nínú yín tó máa jẹ àgbàdo tí yóò ní òun ti jẹun? Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ohun tí a ò bá fọwọ́ bù ní òkèlè, tí a ò fi kan ọbẹ̀, a kàn fi ń ṣeré ni. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ìdí sì nìyí tí bíró rẹ̀ fi rìn láìkọsẹ̀.

Ìbídùn gbé bàsíà náà síwájú rẹ̀. Bébà àkàrà wà níbẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì wà níbẹ̀, ṣùkù àgbàdo méjì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ọsàn, ife gààrí tí ṣúgà ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, àti èèpo ẹ̀pà tó bo ìdajì bàsíà. Akọ̀wé kóòtù mọ ẹ̀rí tó bá rí i. Ó wò ó títí, ó ní ìpanu ni gbogbo ìwọ̀nyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé ikùn yín mọ̀ pé ìpanu ni?"

Mo ti dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró kí n lè gbọ́ dáadáa.

Obìnrin náà tún ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Baba Títí. Ẹ kọ ọ́ kí wọ́n yé wo inú ìkòkò mi." Ó yíjú sí ibòmíràn.

Níbẹ̀ ni ìjà ti le, ìjà tí wọn ò jà irú rẹ̀ láti ìgbà ogun Kírìjì wá, nítorí nínú ti Kírìjì, ọ̀tá wà ní òdìkejì òkè, ṣùgbọ́n Oyèníran Àlàó ṣí ojú, ó sì rí i pé òpùrọ́ tí òun ti ń fi bíró mú láti ọdún yìí wá ti wọ inú ìwé òun, ó sì ń fi ọwọ́ òun kọ̀wé. Ó gbé bíró. Bíró wúwo bí ọmọ odó. Ó kọ 'ìpanu díẹ̀', ó sì gbójú sókè. Ìbídùn ṣì dúró. Ni akọni bá ṣe ohun tí kò ṣe rí ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n: ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ tó ti kọ. Àkàrà mẹ́fà, ó wó o lulẹ̀. Búrẹ́dì ìlàjì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àgbàdo bẹ̀bẹ̀, kò gbẹ̀bẹ̀; gààrí fẹ́ fara pamọ́ sábẹ́ omi, ó fà á jáde pẹ̀lú ṣúgà rẹ̀; bọ̀ọ̀lì àti ọsàn túúbá láìjà. Ó wá ku ẹ̀pà, ọ̀tá tí kò ṣeé kà, ọmọ ogun tó pọ̀ ju ti ọba ìlú kankan lọ. Òógùn bo iwájú akọni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bu èèpo náà ní ìkúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé: 'Ẹ̀pà, ìkúnwọ́ mọ́kànlá. Mo jẹ ẹ́.'

Mo dìde dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan àrà ti bẹ̀rẹ̀. Alákàrà á polówó, akọni á rántí pé òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́, á dìde lọ wá ìwé, á wá gíláàsì, á wá bíró; kó tó jáde, alákàrà ti dé ọ̀nà Ìrágbìjí. Bó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀pà, ó di kó kà á. Lọ́jọ́ kan mo fi àgbàdo lọ̀ ọ́, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní ọwọ́ ń ro òun. Àpò tó jìn dé orúnkún wá gbẹ bí odò ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání lọ sí ilé ìlera. Kílò kan ààbọ̀ ti lọ, ṣúgà ti sọ̀ kalẹ̀. Dókítà Fadérera ka ewé tí bàsíà bí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó kà á tán. Ó ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń dá nìkan bá gbogbo oko ẹ̀pà jà ni. Ó fa ìwé abẹ́rẹ́ ya. Ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Ìbídùn, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn."

Nígbà tí wọ́n délé, Oyèníran Àlàó kò wọlé. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà lórí, ìwé láyà, ó kó gbogbo àdúgbò jọ, ìyẹn èmi, alákàrà, àti ewúrẹ́ méjì. Ó ní òun ti kọ ìdájọ́ àwọn ẹlòmíràn títí òun fi fẹ̀yìn tì, òun ò dá ẹjọ́ kankan rí, ṣùgbọ́n òun máa dá ọ̀kan lónìí.

"Mo dá ọbẹ̀ Ìbídùn láre," ó wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Láti òní lọ, ẹ̀pà, oúnjẹ ni. Àgbàdo, oúnjẹ ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tó ní òun ò tíì jẹun, ó búra èké."

Ìbídùn wọlé kíákíá, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀. Kò pẹ́ tí èmi náà padà sídìí ẹ̀rọ mi ni ìyàwó mi pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo wo ọ̀rá gúgúrú tó ti ṣófo, mo wo ṣùkù àgbàdo mẹ́ta lórí tábìlì, mo sì la ẹnu láti sọ pé mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu látàárọ̀.

Ní òdìkejì ọ̀nà, Afi-bíró-mú-òpùrọ́ ń wò mí. Ó rọra ṣí ìdérí bíró rẹ̀.

Mo ní, "Mo ti jẹun."