Ẹsẹ̀ Erin Oyèbọ̀dé

Bí Ọlọ́run ti dá Oyèbọ̀dé, kò sí ibi tí a fẹ́ ti bá a wí. Orí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú bí ti ẹni tó rí jẹ. Ẹsẹ̀ nìkan ni ìṣòro. Ẹsẹ̀ Oyèbọ̀dé kéré. Kì í ṣe kékeré tí èèyàn lè fojú fò, ó kéré débi pé bí ó bá gba ọ̀nà oko kọjá lẹ́yìn òjò, àwọn ará Ìwàrò-Ọ̀kà á wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọn á ní, "Ọmọ ta ló ń dá lọ sóko báyìí?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé egungun, nítorí ọkùnrin yìí kò fẹ́ kéré nínú ohunkóhun. Bí ó bá kí yín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ dé ìlú Etioro. Bí ó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni. Ó sì ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fẹ́ yan alága tuntun. Ó jókòó, ó ronú, ó rí i pé kò sí ìlú tí yóò fi ẹlẹ́sẹ̀ ọmọdé ṣe olórí.

"Olórí tòótọ́," ó wí fún Eunice ìyàwó rẹ̀, "ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n."

Eunice ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Ilẹ̀ kì í dìbò, Bàbá Gift."

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Oyèbọ̀dé wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ Zakariyya tó ń ta bàtà oko. Zakariyya mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé rénbúùtù dúdú kan jáde, ó ká àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó fi í sílẹ̀, ó padà nà gbọnrangandan. Ó fi èékánná wá ibi tí ó ti lè ya, kò rí. Ó wá bu omi kún un, ó gbé e kọ́ ìṣó, àwọn méjèèjì sì dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná. Ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀.

"Ẹ ó wọ èyí títí yóò fi sú yín," Zakariyya ní. "Òkúta kò lè gé e, omi kò lè wọlé sí i. Ẹ̀gún tó bá ní òun fẹ́ gún un, ẹ̀gún náà ni yóò kú. Ohun tó kù ni kó bá ẹsẹ̀ mu. Bàtà tó bá tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ lèèyàn rà á fún. Nọ́ńbà mélòó lẹ ń wọ̀, bàbá?"

"Fọ́tì-síìsì," Oyèbọ̀dé ní.

Zakariyya wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀. Ó tún wo ẹsẹ̀ náà, bí ẹni tó ń wá èyí tó kù.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Èmi ni. Bí ooru bá mú, ẹsẹ̀ mi máa ń wú."

"Á jẹ́ pé ooru Ọ̀kà le gan-an," Zakariyya ní, ó sì dì í fún un. Ọlọ́jà kì í bá oníbàárà jà.

Nígbà tó délé, ó ki àkísà bọ iwájú bàtà náà. Kò kún. Ó ki ògbólógbòó ìró Eunice tẹ̀lé e. Ó ku díẹ̀. Ó wá wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, títí kan ti Gift, ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tí òdòdó wà létí rẹ̀. Bó ti dìde, ó ń rìn gbàgà-gbàgà yí ilé ká bí pẹ́pẹ́yẹ tó jogún bàtà ọlọ́pàá.

Ọjọ́ yẹn ni ìpolongo bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, Oyèbọ̀dé á jí jáde ní ìdájí, á máa fi ẹsẹ̀ lu òǹtẹ̀ káàkiri: iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé, etí kànga. Bí ó bá rí ẹrẹ̀ tó rọ̀ dáadáa, á kọ́kọ́ fò sókè ná kó tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní ọdẹ àjèjì ló wọ̀lú. Àwọn mìíràn ní iwin ni. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti hó tó, ó gba àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ ń mì tìtì, àwọn ọ̀dọ́ sì tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kì í:

"Àjànàkú Ìwàrò. A-tẹlẹ̀-kí-ilẹ̀-ké-gbàjarè. Ọkọ Eunice, a-fi-ẹsẹ̀-kan-gba-àyè-ẹni-mẹ́ta."

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí pé àkísà ni wọ́n ń kì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, sí oko Mọ́júbọ́lá. Opó ni Mọ́júbọ́lá, àká iṣu rẹ̀ sì wà létí ọ̀nà tí gbogbo àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko. Oyèbọ̀dé bá èrò níbẹ̀ pitimu. Fágbàmílà, àgbà ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ló wà níwájú; Godwin, tí kì í gbẹ́yìn níbi ariwo, gbé okùn dání. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ilẹ̀. Oyèbọ̀dé wo ibi tí wọ́n ń wò. Ipa bàtà tirẹ̀ ni, èyí tó wá lù síbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, ó gba àárín ata Mọ́júbọ́lá kọjá, ó jinlẹ̀, ó gún régé.

Ọkàn rẹ̀ fò fáyọ̀. Ó ní wọ́n ti fẹnu kò nìyẹn. Wọ́n fẹ́ fi òun ṣe alága lójú oko.

"Oyèbọ̀dé," Fágbàmílà ní, "ṣé o mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ yìí?"

Oyèbọ̀dé tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin àgbà, àjànàkú kúrò ní mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Èmi ni."

"Ó dá ọ lójú? Kò lè jẹ́ ẹlòmíràn?"

"Ní gbogbo ilẹ̀ Àkókó yìí, ta ló tún ní irú rẹ̀? Ẹ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò."

"O wá síbí lónìí nìyẹn?"

"Mo wá, sà. Kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi nìkan. Olórí kì í sùn."

"Ó ti tó," Mọ́júbọ́lá ní. "Iṣu mi dà?"

Oyèbọ̀dé ṣẹ́jú pẹ́ẹ́. Fágbàmílà fà á lọ́wọ́ wọ inú àká. Iṣu ti lọ. Okùn tí wọ́n fi so ó ló kù. Lórí amọ̀ tútù ilẹ̀ ibẹ̀, ipa ẹsẹ̀ ló wà, ẹsẹ̀ lásán, tó fẹ̀ bí ọkọ́, tí gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bàtà tó wà níta.

"Ó bọ́ bàtà kí a má baà gbúròó rẹ̀," Godwin ní. "Ó wá fi ẹsẹ̀ lásán wọlé. Kí la tún ń wò? Ẹ jẹ́ ká dè é."

Fágbàmílà gbọ́wọ́ sókè. "Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Oyèbọ̀dé, bọ́ bàtà rẹ. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá bá èyí mu, a jẹ́ pé ìwọ kọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ ò ti ní bọ́ ọ? Ṣùgbọ́n Oyèbọ̀dé wo bàtà, ó wo èrò, òógùn bò ó. Ó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé ìwọ̀n nínú ọkàn rẹ̀: olè ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, àbí olóòótọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ọmọdé. Olè ti di olórí rí, ó rò ó lọ́kàn. Ẹlẹ́sẹ̀ ọmọdé ńkọ́? Kò gbọ́ ọ rí.

"Iṣu náà pọ̀ tó báwo?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Fágbàmílà ní.

"Ká ṣáà gbà pé èmi ni mo kó o. N óò dá a padà nígbà ìkórè. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bàtà da ara wa láàmú."

Èrò hó yèè. Godwin ló hó jù. Ibẹ̀ ni Eunice ti já wọ àárín wọn.

"Ẹ kó kí ni? Inú ìkòkò wo ni mo ti sè é?" Ó kọjú sí èrò. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ mi kì í ṣe olè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kéré."

"Ìyá Gift, jọ̀ọ́, dákẹ́."

"Ẹ jókòó, Bàbá Gift."

Ó jókòó lórí ebè. Eunice di gìgísẹ̀ bàtà mú, ó fà á. Bàtà yọ, ẹsẹ̀ kò hàn. Àkísà ló kọ́kọ́ tú jáde. Ìró tẹ̀lé e.

"Ìró tí mo ń wá kiri," Eunice ní, ó nà án gbọn, ó gbé e kọ́ èjìká.

Ó kan ìbọ̀sẹ̀. Ó bọ́ ọ̀kan, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ ìyẹn, òdòdó yọjú. Ṣe ló dà bí ẹni ń bó àlùbọ́sà: bó ti ń bó o ló ń kéré sí i, tí omi sì ń bọ́ lójú àwọn tó ń wò ó. Nígbà tí ẹsẹ̀ jáde tán, ó gbẹ furufuru, omi kò kàn án. Wọ́n mú un wọ àká, wọ́n ní kó gbé e lé ipa ẹsẹ̀ olè. Ẹsẹ̀ náà jókòó síbẹ̀ bí ẹyin àparò nínú ọpọ́n.

Fágbàmílà gbé bàtà náà sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Bàtà gidi ni o," ó ní. "Kò jẹ́ kí omi wọlé, kò sì jẹ́ kí òtítọ́ jáde."

Àwọn kan jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí wọ́n lè ráyè rẹ́rìn-ín dáadáa.

Nígbà tí Fágbàmílà nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ó yá, gbogbo wa la ó máa ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan." Lójijì ni Godwin rántí pé òun gbé omi kaná nílé. Kò tíì dé etí ọ̀nà tí wọ́n fi mú un padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ipa náà bí ìdérí ìkòkò. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá okùn. Wọ́n bá iṣu lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó.

Bí wọ́n ṣe rántí ọ̀rọ̀ alága nìyẹn, wọ́n sì yan Mọ́júbọ́lá lójú ẹsẹ̀. Ohun tí alága tuntun kọ́kọ́ béèrè ni ata rẹ̀ tí Oyèbọ̀dé tẹ̀ pa. Eunice gbé bàtà méjèèjì fún un dípò ata. Mọ́júbọ́lá bu omi sínú wọn, ó gbé wọn síwájú àwọn adìyẹ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n yíká.

"Kò jò," ó ní.

Oyèbọ̀dé dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ọ̀nà ilé jìn, ẹ̀gún pọ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì ń yọ̀. Gbogbo èrò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti wo bí yóò ṣe rìn ín. Eunice ló ṣíwájú.

"Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀, Bàbá Gift," ó ní. "Ẹ má wo ẹnikẹ́ni."

Ó gbé ẹsẹ̀ sínú ipa ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Àyè ṣẹ́kù.