Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àna Alhaji

Ní àdúgbò Barakallahu, Jádesọ́lá ẹnjiníà dúró létí kòtò ìpìlẹ̀ ilé. Alhaji Abdulganiyu, tó ni ilé, dojú kọ ọ́, ó lejú koko.

"Alhaji, ilẹ̀ yìí rọ̀. Tí a bá gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e báyìí, á rì."

"Haba! Àna mi, ìyá tó bí Nímọ́tà ìyàwó mi, ń kó bọ̀ láti Ìlọrin, wọ́n ní àwọn ò padà mọ́. Òkè ni wọ́n máa wà, kí n lè sinmi nísàlẹ̀. Tí kò bá sí òkè, mo gbé!"

Àánú rẹ̀ ṣe Jádesọ́lá. "Ọ̀nà kan wà. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kòtò yìí kó jìn sí i."

"Ilẹ̀ rọ̀, o tún ní ká gbẹ́ ẹ? Ṣé kànga ni mo ní kó o gbẹ́ fún mi ni?"

"Ẹ gbọ́ ná. Yẹ̀pẹ̀ tí a máa kó kúrò, ṣé ó wúwo?"

"Wallahi, ó wúwo. Àwọn lébírà ti ń kérora."

"Ta ló ń gbé e láti ọjọ́ yìí?"

"Èmi kọ́ o! Kò tíì pẹ́ tí mo ra ilẹ̀ náà."

"Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń gbé e! Tí a bá kó yẹ̀pẹ̀ kúrò, tí a gbé ilé síbẹ̀, ẹ yọ ìwúwo yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ti ilé. Èyí tó ṣẹ́ kù nìkan ni ẹrù tuntun tí ilẹ̀ máa gbé."

Alhaji họ irùngbọ̀n. "Ìyẹn ni pé, tí mo bá sọ àpò ìrẹsì kalẹ̀ lórí, tí mo wá ru àna mi, ohun tí wọ́n fi wúwo ju ìrẹsì lọ nìkan lọrùn mi máa mọ̀?"

"Ó ti yé yín!"

"Ọrùn mi á kán o."

"Ṣé Màmá sanra tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá. Wọn ò ní dákẹ́ lórí mi níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa Jádesọ́lá. "Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wúwo, sà."

"O ò tíì bá wọn pàdé."

"Ẹ má ṣá da yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò. A ó fi kòtò náà ṣe yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ìwúwo àga, bẹ́ẹ̀dì àti èèyàn kan ò lè pa ilé lára."

Ojú Alhaji tàn. "Èèyàn kan? Abẹ́ ilẹ̀? Màmá wá wà lókè lọ́hùn-ún?"

"Lókè pátápátá."

Alhaji bọ́ agbádá, ó já ṣọ́bìrì gbà lọ́wọ́ lébírà, ó bẹ́ sínú kòtò. Ó gbẹ́ ẹ títí Jádesọ́lá ò fi rí fìlà rẹ̀ mọ́.

Jádesọ́lá sáré yọjú sínú kòtò. "Alhaji, ó ti tó o! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò lè rì mọ́!"

"Ta ló ń sọ ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ níbí!"