Balógun Tó Polówó Ogun

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí, ta ló lè sọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa wí pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n? Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Akíndípẹ̀, Balógun Ìdó-Ìrókò, ló fà á. Ó dúró láàárín ọjà, níbi tí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Erin ti ń ná iṣu jẹ́ẹ́jẹ́, ó kígbe pé, "Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ wá kó yín! Ẹnì kan kò ní bọ́, títí kan arọ yín!"

Ọ̀tún, igbákejì rẹ̀, fà á láṣọ. "Balógun, ta ní í sọ fún ẹran pé òun ti dẹ pàkúté?"

"Ìwọ ò mọ ogun. Ìbẹ̀rù ni yóò bá mi dì wọ́n lókùn."

Arọ kan ṣoṣo ló wà ní Ìsàlẹ̀-Erin: Òjélàdé tó ń hun agbọ̀n. Àwọn ará ìlú ń kó iṣu, wọ́n ń fa ewúrẹ́ lọ sórí òkè. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn gbé e.

"Bí ọfà bá ń fò, ẹ ó jù mí sílẹ̀. Mo mọ̀ yín." Ó ronú. "Ibo ni ogun yìí ò lè dé? Ilé ẹni tó ń gbé e bọ̀ ni!"

Ó bá gba ọ̀nà oko, ó ń fìdí wọ́ lọ. Kò kánjú. Wọ́n ṣáà ti dá ọjọ́ ogun fún un.

Nígbà tí Balógun dé Ìsàlẹ̀-Erin, kò bá adìẹ kan níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró. Ebi yóò lé wọn jáde."

Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni ebi rí mú. Wọ́n jẹ ewé, wọ́n se awọ bàtà. Nígbà tó yá, wọ́n ń wo ẹṣin Balógun.

Ọ̀tún ní, "Balógun, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pa ẹṣin jẹ.

Balógun fẹsẹ̀ rìn délé. Ó bá ọkùnrin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó ń gé òkèlè.

"Àwẹ̀ró, ta nìyí?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àlejò yín ni, baba. Ó ní ẹ kéde òun lójú ọjà."

"Ẹ kú ogun o, Balógun," ni Òjélàdé wí. "Mo ní kí n má fi yín ṣe wàhálà, mo bá wá fúnra mi."

Balógun fa idà yọ.

"Há! Ẹni tó ti jẹ iyọ̀ ilé yìí?" ni Àwẹ̀ró wí. "Kí ìlú gbọ́? Ẹ tì í bọ àkọ̀, ẹ jàre. Ó tiẹ̀ ti fẹ́ máa lọ. Ẹ sìn ín, ẹ gbé e gẹṣin."

Balógun ti idà bọ àkọ̀.

Ọ̀nà oko ló gbà, kí ojú má baà pọ̀. Ó pọn àlejò rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ rọra níbi òkúta yẹn, Balógun."

Balógun rọra.

Ẹ wá rí i? Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yìn ẹni tó kéde rẹ̀ ló máa ń ro.