Kóòtù Dókítà Kò Pàdé Níwájú

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti lọ díẹ̀ nígbà tí dókítà eyín wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ láti wá gba kóòtù rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló de wáyà mọ́ obìnrin náà léyín fún ọdún méjì, tó sì tú u lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, eyín iwájú òkè kò kan ti ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni obìnrin náà ti lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó kó fáìlì òun fún òun, kí òun gbé e lọ fún dókítà mìíràn wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló sọ fún un pé fáìlì, ti ilé ìwòsàn ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámù."

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà."

"Mi ò ní pẹ́. Aago mọ́kànlá ni mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ dókítà sọ̀rọ̀. Wọ́n á ya fọ́tò mi, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀."

"Bí a ṣe ń to eyín." Dókítà rẹ́rìn-ín. Eyín tirẹ̀ tò rẹ́gírẹ́gí bíi bọ́tìnnì tuntun lára páálí.

"Wọ́n á gbádùn ẹ̀," ìyá aránṣọ wí. Ó mú kóòtù aláwọ̀ eérú kan lára ìṣó. "Ẹ na apá."

Dókítà na apá, ó gbé kóòtù wọ̀, ó fa iwájú rẹ̀ láti de bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì wà ní ìhà kan, ojú bọ́tìnnì wà ní ìhà kejì, ìka mẹ́ta gbáko ló wà láàárín wọn. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìka mẹ́ta náà kò lọ síbì kan.

"Màdáámù, kò pàdé."

"Ẹ dúró dáadáa."

"Mo dúró dáadáa. Kò pàdé níwájú."

"Ẹ wo dígí. Ẹ wo èjìká yẹn. Ẹ wo bí kọ́là ṣe jókòó."

"Mi ò sọ pé kọ́là ò dára. Iwájú ni mo ń sọ."

"Tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, kò hàn. Nínú fọ́tò, á dára gan-an."

"Màdáámù, ṣé fọ́tò ni mo fẹ́ wọ̀ ni?"

Ìyá aránṣọ mi orí. Irú ìbéèrè yẹn ni òun náà bi í lórí àga gíga tó ń dà sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí Dókítà gbé fọ́tò ẹ̀rín rẹ̀ hàn án tó ní kó wo bó ṣe lẹ́wà tó. Òun ní, "Dókítà, ṣé ẹ̀rín ni mo fi ń gé òwú?" Dókítà kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ń fọwọ́.

"Ó tún ń fún mi lẹ́yìn," Dókítà wí.

"Fífún kọ́ nìyẹn."

"Kí ló wá ń jẹ́?"

"Kóòtù ló ń bá ara yín mọra. Ẹni tí ò bá wọ kóòtù gidi rí ló máa ń pè é ní fífún."

"Mo ti wọ kóòtù rí."

"Irú èyí kọ́."

"Mi ò lè mí kanlẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ ṣàn án láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Kóòtù?"

"Kò sí ohun tí kì í wò. Ẹni tó mọ̀wé ló sọ fún mi."

Dókítà fa inú wọlé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Bọ́tìnnì sún mọ́ ojú bọ́tìnnì díẹ̀. Ó mí, bọ́tìnnì padà sílé.

"Ẹ gbọ́, Màdáámù. Ẹ̀yin lẹ fi téèpù wọ̀n mí. Ẹ wọn àyà, ẹ wọn inú, ẹ wọn ẹ̀yìn. Báwo ló ṣe wá kéré?"

"Kóòtù ò kéré. Inú yín ló tóbi."

"Inú mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n."

"Inú yín ni ìṣòro, Dókítà, kì í ṣe iṣẹ́ mi. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kò sí aránṣọ tó lè rí i tẹ́lẹ̀."

"Inú tó wà níwájú mi yìí? Ẹni tó wà lójú títì lọ́hùn-ún rí i."

"Ṣé ẹ máa ń ju apá tẹ́ ẹ bá ń rìn?"

"Ta ni kì í ju apá?"

"Mo kìlọ̀ fún yín kẹ́ ẹ má ju apá."

"Ẹ ò kìlọ̀ fún mi. Ìgbà wo ni mo wọ kóòtù yìí tí mo fi ju apá?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé wo?"

"Ìwé tí mo kọ ọ́ sí pé mo ti kìlọ̀ fún yín."

Dókítà yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ọmọdé.

"Màdáámù, mi ò wá jà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni èmi náà. Bí oníṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe, kó sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Ẹ̀gàn kọ́."

"Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣé ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ dókítà yẹn?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣáà bá mi tún un ṣe."

"Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

"Oṣù wo? Aago mọ́kànlá ni mo wí."

"Ẹ ní sùúrù fún un. Á rìn. Tó bá máa fi di oṣù mẹ́fà, iwájú á ti wá bá ara wọn."

"Aṣọ kì í rìn, Màdáámù. Eyín ló ń rìn." Dókítà gbé ìka kan sókè, ó gbàgbé kóòtù. "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn lónìí gan-an nìyẹn. Téèyàn bá to eyín tán, tó bá tú wáyà, kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lásán. Ó gbọ́dọ̀ fún ẹni náà ní ike tí á máa fi sùn, kí eyín má bàa rìn kúrò níbi tí a tò ó sí. Ẹ wo èmi. Wáyà ló to tèmi, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ike sùn. Ẹ wò ó." Ó pa eyín pọ̀, ó ya ètè. "Òkè kan ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò ráyè kọjá."

Ìyá aránṣọ tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo ìránṣọ ẹlòmíràn.

"Ó dára lóòótọ́," ó wí. "Ike tèmi ńkọ́?"

"Ó ti tán lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ ìyẹn là ń sọ?"

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ kóòtù ni." Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú páálí kékeré kan jáde. "Ó dà bíi pé ẹ ò fi rọ́bà sí i."

"Rọ́bà wo?"

Rọ́bà inú páálí náà kò ju ojú bọ́tìnnì lọ. Ìyá aránṣọ so mẹ́fà pọ̀, ó fi orí kan kọ́ bọ́tìnnì, ó fà á gbọọrọ, ó fi orí kejì kọ́ ojú bọ́tìnnì. Iwájú kóòtù gbọ̀n rìrì. Dókítà náà gbọ̀n.

"Ẹ máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru," ìyá aránṣọ wí. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, kẹ́ ẹ yọ ọ́. Tó bá já, ẹ wá gba òmíràn. Tí kò bá wá pàdé, ẹ̀yin lẹ ò wọ̀ ọ́ dáadáa."

Dókítà fẹ́ fèsì. Bó ṣe mí sínú, rọ́bà já, ó ta á nímú.

Ó fọwọ́ pa imú. Ó wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mọ́kànlá lù.

"Ó tó," ó wí. "Aránṣọ kan wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹ fún mi ní ìwé tẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n mi sí, kí n gbé kóòtù tọ̀ ọ́ lọ."

"Ìwé náà, ti ṣọ́ọ̀bù ni."

"Ara mi lẹ wọ̀n."

"Ìwé mi ni mo kọ ọ́ sí."

"Kí ni ti ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀? Àyà ta ni? Inú ta ni? Ẹ̀yìn ta ni?" Ohùn Dókítà ti dé òkè àjà. "Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí wọ́n wọ̀n ló ni ìwọ̀n."

Ìyá aránṣọ fa ìwé àti bírò sọ́dọ̀. Ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́.

"Ẹni tí wọ́n wọ̀n... ló ni ìwọ̀n. Ẹ fọwọ́ sí i, Dókítà."

Dókítà ti bírò náà sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí páálí rọ́bà tó wà lórí tábìlì. Òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lára páálí náà: rọ́bà tí òun fúnra rẹ̀ fún obìnrin náà láti máa fi kọ́ wáyà òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀, ó wo ìyá aránṣọ lẹ́nu.

"Ọ̀rọ̀ eyín lẹ ń bá mi sọ látìgbà tí mo ti wọlé."

"Ọ̀rọ̀ kóòtù ni mo ń sọ. Ẹ̀yin lẹ dárúkọ eyín."

"Màdáámù, mo ti ṣàlàyé fún yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló..."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu ta ni, Dókítà?"

Ó já òwú dúdú kan lára kẹ̀kẹ́, ó fi sáàárín eyín iwájú, ó deyín mọ́ ọn, ó fà á. Òwú náà jáde ní odindi. Ó tún un ṣe. Ó tún jáde ní odindi.

"Eyín inú lọ́hùn-ún ló ń dùn mí nígbà tí mo wá bá yín," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ rí ti iwájú. Ẹ ní ó gun èkejì díẹ̀, ẹ ní ẹ máa tò ó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi eyín tó gun èkejì yẹn gé òwú, kò kọ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. Ní báyìí, sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń wá ìdí òwú kiri. Lóṣù tó kọjá, mo gé òwú, mo gé ọrùn aṣọ oníbàárà mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, mi ò níṣẹ́ mọ́."

Dókítà tún wo aago.

"Tí mo bá kó fáìlì fún yín, wọ́n á ní mo ba eyín jẹ́."

"Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láìwò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó ná."

"Ta lẹ tilẹ̀ fẹ́ gbé e lọ bá? Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ."

Ìyá aránṣọ tún fa ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn, ó tì í síwájú Dókítà. Ó ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ láti àná: kí wọ́n kó fáìlì òun, fọ́tò egungun ẹnu òun, àti ère eyín òun tí wọ́n fi ẹfun mọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fún dókítà kan. Ó fi àlàfo sílẹ̀ níbi orúkọ dókítà náà.

"Ẹ ò kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa kó o fún."

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ ọ́. Ẹ fọwọ́ sí i ná."

"Kóòtù mi ńkọ́?"

"Ọwọ́ yín ni mo ń wò."

Dókítà mú bírò, ó fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Kò kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ bọ́ kóòtù."

Ó bọ́ ọ. Ìyá aránṣọ yí i padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Ó ti ṣẹ́ aṣọ náà po nínú láti ọrùn dé ìdí, òwú kan ṣoṣo ló sì fi dì í mú. Kò fi sísọ́ọ̀sì kan ibì kankan. Ó fa ìdí òwú náà jáde díẹ̀, ó nà án sí Dókítà.

"Ẹ gé e."

"Sísọ́ọ̀sì dà?"

"Ó ti sún mọ́ aṣọ jù. Eyín ni wọ́n fi ń gé irú ẹ̀."

Dókítà wo òwú. Ó wo aago. Ó tẹrí ba, ó fi òwú sáàárín eyín iwájú, ó deyín mọ́ ọn. Kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Ìyá aránṣọ fa òwú tó kù, ẹ̀yìn kóòtù sì ṣí sílẹ̀. Dókítà gbé e wọ̀. Bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ojú wọn láìfà á. Ó na apá, ó ju apá, ó mí kanlẹ̀. Kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó fún.

"Ó pàdé," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ṣé bó ṣe wà láti àárọ̀ nìyí?"

"Bó ṣe wà láti ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Èmi kì í fi aṣọ oníbàárà kọ́ṣẹ́."

Dókítà wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ẹ̀rín rẹ̀ padà dé. Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú nígbà tí ìyá aránṣọ pè é, lẹ́tà lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì.

"Dókítà, iṣẹ́ kù. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ta ló to eyín tiyín? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí."